Nusaybah Ń Sanra

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹrin, 2025

Ọmọ mi ti wọlé. Alhamdulillahi. Láti inú oṣù tó kọjá tí wọ́n ti yọ ọkàn rẹ̀ tó bàjẹ́, tí wọ́n fi ti olóògbé kan sí i, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà. Lónìí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Lífítì ò ṣiṣẹ́ — ìgbà wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kánsù London yìí? — la bá ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. A gùn, a sinmi. A gùn, a sinmi. Abdulqoyyum ọkọ rẹ̀ ń ru báàgì bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń wí pé "Sorry, Mummy, sorry," àfi bíi pé òun ló ba lífítì jẹ́. Sọ́rì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ sọ́rì rẹ̀ pọ̀.

Yusrah ò dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ọmọ ọdún méjì, kí ló fẹ́ mọ̀? Ìgbà tí wọ́n bí i ni ọkàn ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ìyá ń gbé ju ilé lọ. Ó sá sẹ́yìn ìró mi. Nusaybah rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Mo wo ojú rẹ̀. Ó burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29

Nọ́ọ̀sì pè lórí fóònù, olórí àwọn tó ń mójú tó àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún. Ìyá Ìbéèrè ni mo sọ ọ́. Ṣé ó tọ̀? Ṣé ó jẹun? Ṣé ó sùn gbalaja àbí ó fi ìrọ̀rí gbé orí sókè? Tíṣà ni mí ní Ìwó títí mo fi fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yé mi, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fi imú sọ yìí, Nusaybah ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ohun tó ní ká mọ̀ rèé: ọkàn tuntun kì í dun ni. Wọ́n ti gé iṣan tí ìrora ń gbà. Bí ara bá fẹ́ kọ̀ ọ́, kò ní pariwo. Ká máa wo àárẹ̀, ká máa wo èémí, ká máa wo ẹsẹ̀ bóyá ó wú. Wọ́n fún un ní ìwọ̀n kan, pẹlẹbẹ, onígíláàsì. Àràárọ̀ ni kó máa gùn ún. Bó bá fi kílò méjì lọ sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, ká pè wọ́n kíá.

Mo rẹ́rìn-ín. Òyìnbó! Aláìsàn sanra, ẹ ní ká ké gbàjarè. Mo sọ ìwọ̀n náà ní Adájọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 2 Oṣù Karùn-ún

Mo wẹ̀ fún un. Ojú abẹ wá láti abẹ́ ọ̀fun títí dé ìsàlẹ̀ àyà. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀, mo lè kà á. Èjìká dà bí ìkọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ aṣọ. Ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn ń ro mí! Rọ̀bọ̀tọ̀ làwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń pè é nígbà náà, wọ́n á ní Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ kú ẹrù. Mo tú omi sílẹ̀ kó máa ho kó má baà gbọ́ ẹkún mi. Mo ní ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú.

Kó ṣáà jẹun. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo bá wá sí London. Bí físà mi bá parí lóṣù kẹjọ, tí mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá rẹ̀ nínú sàréè?

Ọjọ́ Àìkú, 4

Ẹ̀kọ, ṣíbí mẹ́ta. Ó bì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Lẹ́yìn súbúhì mo ṣe àdúà fún ẹni tó ni ọkàn náà. Wọn ò sọ orúkọ fún wa, wọn ò sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo ní Ọlọ́run, ẹni tí Ìwọ mọ̀ náà ni. Mo ṣe fún ìyá rẹ̀ náà. Obìnrin kan ti ń sunkún níbì kan kí èmi tó rí ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí. Mi ò lè sọ ọ́ lójú Nusaybah. Òun ló gbé e sáyà kiri.

Wùmí tó ń gbé nísàlẹ̀ wa wá kí i. Ó wọ ìbomú, ó fọwọ́, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ní kó jókòó. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní ọjà East Street, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wo Nusaybah, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun gbé nǹkan sórí iná nílé, ó sáré lọ.

Ọjọ́rú, 14

Ó bèèrè mọ́ínmọ́ín! Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ bèèrè!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Kílíníìkì. Wọ́n ki wáyà tín-ín-rín gba ọrùn wọlé lọ gé bíńtín lára ọkàn náà wò. Ó dára. Dókítà ní ó dára gan-an, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí à ń bọ̀, Sọ́rì já wa sílẹ̀ ní Peckham Rye níbi tí koríko wà. A rìn díẹ̀. Yusrah di ìka ìyá rẹ̀ mú — ìka kan péré, ó fi ọwọ́ kejì di ìró mi mú kí ọ̀rọ̀ má baà bẹ́yìn yọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Adájọ́ dá wa láre! Kílò kan àti ààbọ̀ ló fi lọ sókè. Nusaybah pè é fún mi láti inú báàfù, mo kígbe "Allāhu Akbar." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ. Ojú ti kún. Mo jó nínú kíṣìnì — èmi! — pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò jó láti ọjọ́ tí Bàbá rẹ̀ ti kú. Mo bojú wẹ̀yìn, Nusaybah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "A dúpẹ́, Mummy."

Ọjọ́ Ajé, 26

Àlejò. Alhaji Làtíìfù láti mọ́ṣáláṣí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣe àdúà, ó ní màṣá Allāhu, ara ti ń mókun, Ìyá, ọwọ́ yín dára. Wùmí ti rí ohùn rẹ̀ padà. Ó ní àwọn obìnrin olówó Lordship Lane ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè rù, èmi ń sọ egungun di ẹran lọ́fẹ̀ẹ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. A rẹ́rìn-ín títí. Òrùka ìgbéyàwó Nusaybah tó ń yọ̀ bọ́ lóṣù tó kọjá, kò gba ìka mọ́. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 29

Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀. Bàtà ò wọlé mọ́. Mo lọ ra sílípáàsì tó gbòòrò ní East Street. Nínú bọ́ọ̀sì mo ń fi han obìnrin tó jókòó tì mí, mo ní ti ọmọ mi ni, ó ti sanra. Obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó ṣáà ń mi orí.

Ó ti ń sùn lọ́sàn-án báyìí, ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ orí. Ẹni tó yó ni oorun ń kùn. Síbẹ̀ mo bi í: ṣé o ti sọ iye náà fún Ìyá Ìbéèrè? Ó ní òun ti sọ, wọ́n ní kò sí wàhálà. Ṣé ara le? A dúpẹ́, Mummy. Sọ́rì ò sí nílé láti bi. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Bó bá tiẹ̀ wà, ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá wí náà ni tiẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti sún kílíníìkì sí ẹ̀yìn Iléyá. Nusaybah ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dára, yóò jẹ́ ká ráyè ṣe ọdún.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6. Iléyá

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Yusrah, kò sí ọdún kan tí ìyá rẹ̀ bá a ṣe nílé. Àwọn fọ́tò ọdún wà lára ògiri: Yusrah pẹ̀lú bàbá, Yusrah pẹ̀lú Wùmí. Ìyá ò sí níbẹ̀.

Lónìí Nusaybah wọ búbà funfun, ó jókòó sórí àga kírun. Sọ́rì ra ẹran àgbò ní Rye Lane, mo sè é, mo dín in, ilé ń ta sánsán. Àwọn ènìyàn mọ́ṣáláṣí gba orí fóònù kí wa. Ní ọ̀sán, Yusrah kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ gun orí itan ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Mo na ọwọ́ pé kó wá jẹun, ó ní "No! My mummy." Ó fi orí lé ojú abẹ náà gan-an, ó sùn lọ. Nusaybah ò jẹ́ ká gbé e kúrò. Kò jẹun, kò mu omi, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ náà títí oòrùn fi wọ̀. Sọ́rì ya fọ́tò. Mo ní Ọlọ́run, O ti ṣe é fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Kò lè mí. Àwọn áńbúláǹsì fi àga gbé e sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, lífítì ò ṣiṣẹ́. Yusrah ń ké "My mummy, my mummy." Mi ò lè kọ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Omi ni. Kì í ṣe ẹran ara.

Wọ́n ti gbé e lọ sí òdìkejì ìlú, lọ́dọ̀ àwọn tó pààrọ̀ ọkàn. Ara rẹ̀ ti ń kọ ọkàn náà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkàn ò lágbára láti lé omi, omi wá ń dúró sí i lára — ẹsẹ̀, ikùn, ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ó yọ ọwọ́, ihò náà dúró síbẹ̀. Èmi tí mò ń fi òróró pa ẹsẹ̀ náà lálaalẹ́, tí mò ń wí pé ẹran ti ń wọ̀ ọ́. Bàtà tí kò wọlé mọ́. Òrùka. Mò ń fi han ará inú bọ́ọ̀sì. Mò ń jó. Yéè, èmi Àìṣát, mò ń jó lórí ikú ọmọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Oògùn líle ni wọ́n ń dà sí i nínú iṣan. Ó ń sùn. Kò tíì lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbéèrè wá fúnra rẹ̀. Obìnrin gíga ni mo rò pé ó jẹ́. Kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Ó rọra sọ̀rọ̀ kó lè yé mi. Ó ní kí ló dé tá ò pè. Mo ní Nusaybah pè yín, ó sọ iye fún yín. Ó mi orí. Kò sẹ́ni tó pè. Mo ní ẹ̀yin lẹ sún kílíníìkì sí ẹ̀yìn ọdún. Ó tún mi orí. Nusaybah ló pè wọ́n pé kí wọ́n bá òun sún un, pé ara òun dá ṣáṣá, pé òun fẹ́ ṣe ọdún. Kò bá mi wí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ìbá sàn kó bá mi wí.

Inú ń bí mi. Ọmọ tí mo bí. Ó wò mí lójú, ó parọ́ fún mi, ó tún ní a dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ohùn rẹ̀ ti padà. Láti ìjẹta ni mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó gbóná. Mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ ku ẹyọ kan: kí ló dé?

Ó ní, "Mo mọ̀, Mummy. Láti kílò kejì ni mo ti mọ̀." Ó ní bí òun bá pè wọ́n, wọ́n á ní kí òun máa bọ̀, wọn ò sì ní tètè dá òun sílẹ̀. Òun fẹ́ ṣe ọdún kan péré pẹ̀lú ọmọ òun. Òun rò pé yóò dúró di ẹ̀yìn ọdún. Ó sinmi kó lè mí. Ó kọjú sógiri kó tó sọ èyí tó kù: "And you were dancing. Ẹ̀ ń jó, Mummy. Mi ò rí i kí ẹ jó láti ìgbà tí Daddy ti kú. How was I going to tell you?"

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mi ò ríran. Mo gbé ife tó wà lórí tábìlì, mo lọ fọ̀ ọ́. Ó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 18

Wọ́n dá a sílẹ̀. Ọkàn náà ò kú, àmọ́ ó ti gbọgbẹ́, dókítà ní ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ tí wọn ò tètè mọ̀, kò sí òmíràn nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Omi ti gbẹ kúrò lára rẹ̀. Egungun èjìká ti tún yọ. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo bi í lórí àtẹ̀gùn: ṣé ara le? A dúpẹ́, Mummy. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò tijú. Ó ń sọ fún Sọ́rì pé ó rẹ òun dé inú egungun, pé ẹ̀rù ikú ń ba òun, pé oògùn ń da òun nínú rú. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Kíá ó dìde jókòó, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu. "Mummy, ṣé ẹ máa dín dòdò?"

Mo dín dòdò. Kò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Mo ti pinnu. Mo ní kí Sọ́rì bá mi pààrọ̀ ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi, Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sorry, Mummy, kí lòun ṣe? Mo ní dìde, o ò ṣe nǹkan kan. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà nínú ilé yìí, èmi ni ìyàwó rẹ yóò máa tọ́jú, kò ní tọ́jú ara rẹ̀. Ìwọ, ó ń sọ òótọ́ fún ọ. Èmi, ó ń tún ojú ṣe dè mí. Adájọ́ lè sọ ohunkóhun, kò ní pe nọ́ọ̀sì bí mo bá wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó. Sọ́rì dìde jókòó. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní òun yóò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Wùmí gòkè wá bá mi jà. Ìyá wo ló ń fi irú ọmọ báyìí sílẹ̀ wọ bàálù lọ? Kí layé máa wí? Mo ní kí ayé wí i. Mo ní kó bá mi máa mú Yusrah lọ́sàn-án. Ó sunkún, ó ní òun á mú un.

Nusaybah ò ní kí n má lọ. Mo retí kó bẹ̀ mí. Ká má parọ́, mo retí rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀, 27

Mo di ẹrù. Nusaybah jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá mi ká aṣọ, ó ń tú èyí tí mo ti ká, ó ń tún un ká. Mo ti kọ́ Sọ́rì ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń sunkún, ó ní àlùbọ́sà ni. Mo ní mo mọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá kú lẹ́yìn mi ńkọ́? Kí n wà ní Ìwó kí fóònù dún? Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mi ò tíì bímọ nìyẹn. Mo gbàdúà títí orúnkún fi ń dùn mí, mi ò rí ìdáhùn kan gbà ju pé kí n máa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Orí àga lẹ́nu wọ́ọ̀dù ni mo ti ń kọ èyí.

Táásì ti dé nísàlẹ̀ lówùúrọ̀. Mo ti wé gèlè, Sọ́rì ti gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀. Mo gbá Yusrah mọ́ra. Mo di Nusaybah mú lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ ronú, mo bi í bí mo ṣe ń bi í lójoojúmọ́: ṣé ara le?

Ó la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo ti fẹ́ yí padà. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Rárá, Mummy. Kò le."

Kílò méjì láti Ọjọ́rú. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lánàá. Ó ní òun fẹ́ kí táásì gbé mi lọ ná kí òun tó pè wọ́n, òun ti di fóònù mú sọ́wọ́, àmọ́ òun ò lè jẹ́ kí n máa lọ pẹ̀lú irọ́. Ó ká ìró sókè, ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ òun wò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ihò náà dúró síbẹ̀.

Mi ò ké. Mo ní pè wọ́n. Ó pè níwájú mi. Òun ló sọ ti kílò, tó sọ ti ẹsẹ̀, tó sọ ti oorun, tó tún sọ pé òun ti mọ̀ láti àná, kò fi ọ̀kan bò. Ìyá Ìbéèrè ní kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Táásì tó yẹ kó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú ló gbé wa wá síbí. Wùmí gba Yusrah lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Bàálù ti lọ báyìí. Báàgì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níhìn-ín, Sọ́rì lọ wá tíì.

Dókítà ní a tètè dé ju ti ìgbà tó kọjá lọ, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí. Wọ́n ń tì í wọlé lọ láti tún gé lára ọkàn náà wò, mo tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì náà débi tí wọ́n gbà mí láyè dé. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mummy, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà.